Obìnrin Irin nínú Ọkọ̀ Ènìyàn Méjì

Ọkọ̀ tí mo ní ní Ìjerò nígbà náà, ènìyàn méjì péré ló ń gbà, awakọ̀ sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa yóò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè wakọ̀ láti Ìjerò dé Arámọ̀kọ láyé ìgbà yẹn kó má pàdé bàbá tó ru àpò kòkó, tàbí ìyá tó pọnmọ tó sì tún ru igi, tàbí katikíìsì tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ìsìn. Gbogbo wọn ló máa ń nawọ́, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́, wọ́n mọ bàbá rẹ, wọ́n sì mọ ibi tí ò ń lọ. Bí o bá gbé ẹnì kan, o ti bá àwọn tó kù jà. Bí o kò bá gbé ẹnì kankan, ẹjọ́ rẹ á ti ṣáájú rẹ délé. Àwọn ọmọ iléèwé mi ló sọ ọkọ̀ náà ní Kò-sáyè, àwọn àgbà sì gba orúkọ náà lẹ́nu wọn. Mo bínú sí i fún bí oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Ká sòótọ́, kì í ṣe pé àyè kò sí. Àyè kan wà. Mo ti fún ẹnì kan ni, ẹni náà kò sì sí ní Ìjerò.

Ìyàwó mi ni. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni, olùkọ́ sì ni bíi tèmi kó tó rí ààyè lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira. A kò tíì pé ọdún méjì tí a ṣègbéyàwó, a kò sì tíì bímọ. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ní ẹ̀kọ́ náà yóò gbà. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ní èèyàn lókè òkun, ó ti rí nǹkan fi ṣakọ, èmi náà sì fi ṣakọ dáadáa. Ní Apápá, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ, mo juwọ́ títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí mo padà délé, mo rí i pé ó ti fọ gbogbo aṣọ mi, ó ti ká wọn, ó sì ti rọ ata gbígbẹ kún ìgò mẹ́rin, kí n má baà rí àwáwí lọ jẹun nílé ẹlòmíràn. Mo jẹ ata yẹn lọ́ra lọ́ra. Nígbà tí ìgò kẹrin ku ìdajì, mi ò bu nínú rẹ̀ mọ́.

Òyìnbó kan tó ń bá wọn wa kùsà, òkúta tí wọ́n ń yọ́ di irin, lẹ́yìn ìlú ló ni ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ padà sílùú rẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò ra ọkọ̀ tí kò lè gbé kòkó, tí kò lè gbé ìyàwó méjì, tí kò sì ní òrùlé lórí. Ọkọ̀ eré ìje ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó máa ń fi bá ara wọn díje. Ó ti gbó, ó ti dípẹtà nísàlẹ̀, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè wo ojú awakọ̀ láìgbé orí sókè. Gbogbo ohun tí mo fi pamọ́ ni mo kó lé òyìnbó náà lọ́wọ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi kò díjú rárá. Mo fẹ́ fi ọdún mẹ́ta náà tún ọkọ̀ yẹn ṣe títí yóò fi yẹ ẹni tí mo ń tún un ṣe dè. N ó wà á lọ sí Apápá lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀, yóò jókòó tì mí, a ó sì jọ gun òkè Ẹ̀fọ̀n lójú ọ̀sán gangan kí ìyá rẹ̀ àti gbogbo àdúgbò lè rí wa. Mo kọ ọ́ sí i. Èsì tó fi ránṣẹ́ ni pé orí mi ti dàrú, àti pé òun yóò nílò gèlè tí atẹ́gùn kò ní lè ṣí lórí òun. Mo rẹ́rìn-ín sí ìwé yẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ṣùgbọ́n kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí ìjọba ti ń tún katapílà ṣe, irin kò sì ṣàjèjì sí mi. Bí mo bá ti dé láti iléèwé lọ́sàn-án, n ó bọ́ aṣọ olùkọ́, n ó wọ ògbólógbòó kakí, n ó sì wọ abẹ́ ìbòrí páànù tí mo kọ́ sẹ́yìnkùlé. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ọkọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Òkúta tó wà láàárín Ìjerò sí Ẹ̀fọ̀n nígbà yẹn, bí wọ́n bá fọwọ́ kan ikùn ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré, epo rẹ̀ á dà tán. Mo tú sípíríìn tó wà nídìí rẹ̀, mo sì fi ti lọ́rì dípò. Lọ́rì wúwo, ọkọ̀ tèmi fúyẹ́, nítorí náà mo ní láti yọ nínú àwọn abala sípíríìn yẹn, kí n fi iná mú wọn rọ̀, kí n sì tún wọn tẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú ẹ̀, ìdí ọkọ̀ náà ga ju iwájú rẹ̀ lọ, ó dà bí àgbò tó fẹ́ kàn. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Àfáà ni mo ti ń rí irin. Aládùúgbò mi ni, ọgbà kan ṣoṣo ló là wá láàárín, oníṣòwò kòkó tó ní lọ́rì méjì, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ sì kún fún ohun tí lọ́rì ti jẹ tì. Ó ní kí n máa mú ohun tó bá wù mí. Ohun kan ṣoṣo tó ń bi mí ní gbogbo ìgbà ni ìgbà tí n ó fi ẹ̀yìn kún ọkọ̀ náà kó lè wúlò. Mo ní kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́, lọ́jọ́ kejì ó tún bi mí.

Irin agbá epo ni mo fi ṣe àwo sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí òkúta lè máa bá ìyẹn jà. Mo gé ibi tó ti jẹrà lára ọkọ̀ náà dànù, mo sì lu irin tuntun sí i. Kùkùté igi ni mo gbẹ́ kòtò sí, orí rẹ̀ ni mo ti ń fi òòlù onígi lu páànù náà títí yóò fi tẹ̀ bí mo ṣe fẹ́. Iṣẹ́ yẹn kò gba ìbínú, oníbìínú sì ni mí. Bí o bá lù ú ju bó ṣe yẹ lọ, irin á nà, á máa wú bí àkàrà, kò sì ní padà sípò mọ́. Mo ba mẹ́ta jẹ́ kí n tó kọ́ sùúrù. Iná kábáàdì tí mo fi ń jó irin pọ̀ tún bù mí lójú lọ́jọ́ kan, ó jó irun ojú mi dànù, mo sì lọ kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí èyí tó lè wò mí kó má rẹ́rìn-ín. Mo na àwọn kan, ṣùgbọ́n èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín bí mo bá wà nípò wọn.

Àwọn ènìyàn máa ń yà kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n á wo ọkọ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì kọjá. Kò sẹ́ni tó ń jókòó. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé, tí kò fẹ́ òmíràn, tí kò sì bímọ, kí ni èèyàn á bá a sọ? Nígbà tí ìyá mi wà láyé, á wá láti Ìpotì lọ́jọ́ ọjà wá fọ ìkòkò tí kò dọ̀tí, á sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òun náà kú lọ́dún kejì tí ìyàwó mi lọ. Wọ́n ní ènìyàn laṣọ. Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ìhòòhò ni mo wà.

Àyè ìyàwó mi ni mo ṣe kẹ́yìn. Obìnrin gígùn ni, nítorí náà mo ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, mo sì fi idẹ ṣe ibi tí yóò máa gbé ẹsẹ̀ lé. Mo lu òdòdó kékeré sára idẹ náà, ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i àfi ẹni tó bá bọ́ bàtà. Nígbà mìíràn mo máa ń jókòó síbẹ̀ fúnra mi kí n lè mọ ohun tí yóò máa rí bí a bá ń lọ. Ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni mo wo ọ̀tún mi, mo rí àyè awakọ̀ lófìfo, ẹ̀rù sì bà mí. N kò jókòó síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í parí, ọwọ́ mi kò rí nǹkan ṣe mọ́ lọ́sàn-án, ni mo bá kó sórí àjẹkù irin. Mo fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ ṣe àkùkọ kan. Mo fi sípánà tó ti ṣẹ́ ṣe ẹja. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ènìyàn: ìyá tó ń gúnyán, bàbá tó fọwọ́ lẹ́rán, akọrin ìjọ mẹ́rin tí ẹnu wọn là sílẹ̀. Mo tò wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ igi ọsàn, àwọn ará àdúgbò sì ń pe ibẹ̀ ní ulé urin, ìyẹn ilé irin. Nígbà tí Àfáà rí wọn, ó dúró lójú ọgbà, kò wọlé. Ó ní kò sóhun tó burú nínú ẹja, ṣùgbọ́n irin tí èèyàn bá ti fún lójú yóò máa wo ẹni tó ṣe é. Mo bá a ṣàwàdà pé n ó ṣe tirẹ̀ láìlójú. Mo sì ṣe é lóòótọ́, ẹsẹ̀ irin tí yóò máa gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ lé, ó sì gbà á pẹ̀lú ọpẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó mi níbí. Opó ni, Ẹ̀fọ̀n ló ń gbé, nínú ilé kan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó sì ń hun aṣọ. Ìbejì ni ìyàwó mi. Èkejì rẹ̀ kú nígbà tí wọn kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, ère igi kékeré tí wọ́n gbẹ́ nítorí rẹ̀ sì wà ní igun yàrá ìyá náà, nínú igbá kan, pẹ̀lú aṣọ lára. Ó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà pípẹ́, kò sì fún ère náà ní oúnjẹ mọ́, ṣùgbọ́n kò jù ú nù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, torí olùkọ́ iléèwé ìjọ ni mí.

Ìyá náà kò mọ̀wé, nítorí náà gbogbo ìwé tí ọmọ rẹ̀ bá kọ sí mi ni mò ń wakọ̀ gbé lọ kà fún un. Mo máa ń fọn fèrè láti ìsàlẹ̀ òkè, á sì ti jókòó dè mí kí n tó dé òkè. Àwọn ìwé àkọ́kọ́ gùn. Ọmọ náà á kí ìyá rẹ̀, á kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, á kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, á béèrè ẹni tó bímọ. Nígbà tó yá, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ó parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó ní òun fẹ́ kọ́ ti agbẹ̀bí kún un. Kíkí dín kù, ó sì tán. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe ka ìwé tí kò sí kíkí nínú rẹ̀ fún ìyá tó jókòó sórí ẹní tí gbogbo agbo ilé sì pé lé e lórí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un. Mo ń kí gbogbo wọn, mo tilẹ̀ ń béèrè àlàáfíà ìyá arúgbó tó wà ní ilé kejì. Olùkọ́ tó ń na ọmọ nítorí irọ́ ni mí o.

Ọdún kẹrin ni mo ṣàkíyèsí pé mò ń gbàgbé ojú rẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó wa wà lára ògiri, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò yẹn, ńṣe ló gbójú le fún ayàwòrán, kì í ṣe ojú tó fi ń wò mí. Ni mo bá mú idẹ tó yí iná iwájú ọkọ̀ àtijọ́ kan ká, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú náà nínú rẹ̀. Ó gbà mí ní oṣù púpọ̀. Mo fi páànù ṣe ara, mo fi wáyà bàbà di irun ní ṣùkú. Ó máa ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bó bá ń gbọ́rọ̀ ẹni, mo tẹ ọrùn náà bẹ́ẹ̀. Èjí rẹ̀ ni mo fi fáìlì tí a fi ń họ irin là kẹ́yìn. Bí mo ṣe la èjí yẹn báyìí, òun gan-an ló jókòó síwájú mi, kò ga ju ọmọ ọdún méjì lọ, mo sì kí i pé ó kú àtìrìnàjò. Mo ti sọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ máa ṣe é.

Kò pé oṣù méjì sígbà náà ni ìwé kan dé láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mi. Yorùbá ló fi kọ ọ́, kò ju ojú ewé kan lọ. Ó ní òun ti bímọ obìnrin. Ó ní òun àti bàbá ọmọ náà ló jọ ń gbé, ọmọ ilẹ̀ wa ni, ibẹ̀ sì ni àwọn yóò máa gbé. Ó ní kí n má dúró de òun mọ́. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ fún ìyá òun, nítorí òun kò mọ bí òun yóò ṣe kọ ọ́.

Mo ka ìwé náà lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì dán bọ́m̀pà ọkọ̀ náà títí ó fi ń tàn bíi dígí. Mo lọ síléèwé lọ́jọ́ kejì, mo kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń hun apẹ̀rẹ̀. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n kí mi kú oòrùn, Àfáà kí mi kú àbọ̀. Mo dá gbogbo wọn lóhùn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọgbà? Ìwé náà wà lápò mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, títí ìyá ìyàwó mi fi ránṣẹ́ láti Ẹ̀fọ̀n pé ó ti pẹ́ tí òun gbọ́ nípa ọmọ òun.

Sátidé kan ni mo lọ, láàárọ̀. N kò lè wọlé tọ̀ ọ́ lọ lọ́wọ́ òfo pẹ̀lú irú ìròyìn yẹn. N kò sì lè máa gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú obìnrin irin yẹn mọ́. Mo rò ó pé ìyá tí kò ní rí ọmọ rẹ̀ mọ́ ní kíákíá, inú rẹ̀ á dùn sí ohun tó jọ ọmọ náà. Ọkàn mi sọ fún mi pé ìwà rere ni. Ojú ọ̀nà kún fún eruku, mi ò sì fẹ́ kí eruku ba idẹ tí mo ti dán jẹ́, nítorí náà mo fi aṣọ funfun tí mo ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì wé e láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì gbé e jókòó sí àyè ìyàwó mi. A gba Arámọ̀kọ kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó nawọ́ sí mi.

N kò fọn fèrè nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n. Ìyá náà wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ níta. Mo dọ̀bálẹ̀, ó sì pẹ́ kí n tó dìde. Ó bi mí pé ṣé àlàáfíà ni. Mo ní àlàáfíà ni. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi, mo ní òùngbẹ kò gbẹ mí. Ó béèrè iṣẹ́, mo sọ̀rọ̀ òjò. Gbogbo ìgbà yẹn, ojú rẹ̀ wà lára ohun funfun tó jókòó sínú ọkọ̀. Ni mo bá lọ gbé e wá, mo gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀, mo sì ṣí aṣọ náà.

Ó wo ojú náà. Ó wo èjí. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, nígbà tó sì jáde, ère igi kékeré yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó sì tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè lórí, ó kúrò lórí ẹní, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àwọn méjèèjì ti lọ," ó wí.

Ìgbà yẹn ni ohun tí mo ṣe yé mi. Nílẹ̀ wa, a kì í la ọ̀rọ̀ ikú ọmọ mọ́ ìyá lójú. Ẹni tó bá wá túfọ̀ kì í sọ pé òun wá túfọ̀. Á yọ́ wá, á dọ̀bálẹ̀ pẹ́, kò ní mu omi, á máa sọ̀rọ̀ òjò, títí ìyá náà yóò fi bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Kò sí èyí tí n kò ṣe nínú rẹ̀. Mo tún wá gbé ère ìbejì kejì wá fún un pẹ̀lú aṣọ funfun lára. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, mo sì fi oṣù púpọ̀ dán an.

Mo ní kò kú. Mo búra. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilé ti ń jáde, ọ̀kan ti káwọ́ lérí, ohun tí mò ń sọ kò sì wọ ẹnikẹ́ni létí, torí ohun tí wọ́n máa ń sọ náà nìyẹn. Ìyá náà nìkan ló ń wo àpò mi. Etí ìwé yọ lápò mi, ó nawọ́ sí i.

"Ka ùwé tó wà lápò rẹ yẹn," ó ní. "Mọ́ fi nǹkan kún un."

Mo wò ó. Àṣé ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọmọ òun kò jẹ́ béèrè àlàáfíà ìyá arúgbó ilé kejì láé, torí àwọn kì í kí ara wọn. Ó ní òun jẹ́ kí n máa kà á bẹ́ẹ̀ nítorí ojú mi máa ń dán tí mo bá ń kà á.

Mo ka ìwé náà. Mo kà á bó ṣe wà, látòkè délẹ̀, níwájú gbogbo wọn: ọmọ obìnrin tó bí, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé, kí n má dúró de òun mọ́.

"Ó ń bẹ láàyè," ìyá náà wí. Ó tún un sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n tún ka ti ọmọ náà, mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn obìnrin tó wá sunkún gbé orin ọpẹ́, wọ́n ń jó yí mi ká, wọ́n ń kí ìyá àgbà tuntun kú ewu ọmọ. Ẹnì kan lọ gbé odó jáde. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbá mi lẹ́jìká pé mo kú iṣẹ́, mo mú ìròyìn ayọ̀ wá.

Wọ́n gúnyán fún mi, mo jẹ òkèlè mẹ́ta. Ìyá náà gbé ère igi rẹ̀ padà sínú igbá. Ó fi aṣọ funfun wé obìnrin irin náà, ó sì ní kí n gbé e padà lọ síná, a kì í gbẹ́ ère alààyè. Mo ní mo ti gbọ́. Àwọn èrò tú ká díẹ̀díẹ̀ nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ó wá ku èmi àti òun lórí ẹní. Ó yíjú sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ bi mí bí ọ̀nà ṣe rí.

"Mo rò pé èmi lòfò ṣe," ó ní. "Ùwọ ni. Kú ùrọ́jú, ọmọ mi."

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìwé náà ti wà lápò mi, wọ́n ti fi gbogbo ìkíni ilẹ̀ yìí kí mi, àfi èyí tí a fi ń kí ẹni tí òfò ṣe. Òkú kò sí, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó tọ́ sí mi. Mo gbé orí lé ẹní náà níwájú rẹ̀, olùkọ́ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo sì sunkún bí mi ò ṣe sunkún nígbà tí ìyá tó bí mi kú. Kò sọ pé kí n má sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn mi títí gbogbo ilé fi dákẹ́, òun tí mo wá pàdánù pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí láti ọjọ́ yẹn, n kò ní ìwé kankan láti kà fún un mọ́.